Ta Ló Jókòó Dè Yín Níta?

Ìbéèrè tí ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ bi mí kò kan ọrùn mi rárá. Gẹ̀gẹ̀ ńlá wà lọ́rùn mi nígbà náà, ó ti tóbi tó ọsàn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí mi ní ọjà Dei-Dei ní Àbújá, gẹ̀gẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú mi. Ojú mi ni Dókítà Adéyẹmọ wò. Ó ní, "Ìyá, ta ló jókòó dè yín níta?"

Mo ní, "Kò sí."

"Kò sí báwo? Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó ti kú."

"Ọmọ?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí. Balkis wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Dókítà, ṣé gẹ̀gẹ̀ lẹ fẹ́ gé ni, àbí ìtàn ìdílé mi lẹ fẹ́ kọ?"

Nọ́ọ̀sì tó dúró tì í fọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú. Obìnrin tó bá ń ta ìṣó àti páànù láàárín àwọn ọkùnrin, tí ẹnu rẹ̀ kò bá mú, wọn yóò rẹ́ ẹ jẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí lọ́jọ́ náà.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kì í fi abẹ kan ẹni tí kò ní ẹnì kankan níta. Ló bá ṣí fìlà abetí-ajá orí rẹ̀, ó jáde, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì padà wọlé.

"Fìlà mi ń dúró dè yín. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìgbà tí mo jí ni nọ́ọ̀sì sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní nígbà tí Dókítà ṣe tán, ó jáde bó ṣe máa ń ṣe, ó dúró níwájú bẹ́ǹṣì, ó sì wí fún fìlà pé, "Gàníyátù ti là á já o. Ẹ kú ìdúró." Mo rẹ́rìn-ín títí ọrùn fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún, torí láti ọjọ́ tí Wàsíù ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tó tún dúró dè mí níbì kankan.

Ní Bwari tí ilé ìwòsàn rẹ̀ wà, Likita ni wọ́n ń pè é, ìyẹn dókítà lédè Haúsá. Ó dé ìlú náà nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ erùpẹ̀, ó rò pé ọdún kan péré lòun máa lò, ni irun orí rẹ̀ bá funfun síbẹ̀. Ìpá àwọn àgbẹ̀, obìnrin tí ọmọ dábùú sí nínú, ẹsẹ̀ ọlọ́kadà tó ṣẹ́, òun náà ni. Èèyàn ń wọ mọ́tò láti Abaji wá bá a. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde wá pe orúkọ ẹni tó jókòó síta. Kì í rán nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn tí ọrùn mi san, ó wá ra páànù lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní òrùlé wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ń jò. Nígbà tó yá, ó wá ra ìṣó. Ó tún wá ra ìṣó. Ìṣó yìí náà ló tún wá rà.

Mo ní, "Dókítà, ilé mélòó lẹ ń kọ́ gan-an?"

"N kò kọ́ ilé kankan. Ìṣó ti kún búùtù mọ́tò mi."

"Kí lẹ wá ń rà á sí?"

"Ṣé kí n máa wá láìní ìdí ni?"

Kai! Èmi obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, ojú tì mí bí ọmọge. Mọ́lámù tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní ìsọ̀ kejì pariwo pé, "Yauwa, Likita!" Mo ju páálí lù ú.

Bó ṣe di pé ó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi nìyẹn, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo máa ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kalẹ̀, a ó jókòó sẹ́yìn ìsọ̀, a ó máa sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé ilé òun tó wà nísàlẹ̀ òkè kan ní Bwari dákẹ́ jù. Ó ní, "Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ kí n tó jáde, kí ohùn èèyàn lè pàdé mi tí mo bá wọlé." Mo ní èmi náà ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan.

Ibẹ̀ náà ló ti sọ ti ìyàwó rẹ̀ fún mi. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìlú mìíràn, òun sì jókòó síta láti òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó jáde wá bá a sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tì kọjá níwájú rẹ̀, tí wọ́n ti faṣọ bò, ló fi mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Kí ni ìyá rẹ máa ń fi kì ọ́?"

"Àbẹ̀kẹ́."

"Ta ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ báyìí?"

"Gbogbo wọn ti lọ."

"Àbẹ̀kẹ́," ó rọra pè é. "Àbẹ̀kẹ́ mi."

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. N kò ní fi bò.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi Jàbárù fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Onígbàgbọ́, Gàníyátù? Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ yìí? Kí ni kí n wí fún àwọn èèyàn ní mọ́ṣáláṣí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọrùn mi gé gẹ̀gẹ̀, ẹ ò bi mí pé ta ló jókòó dè mí." Ó pa fóònù. Mo ti ja ìjà tèmi nìyẹn.

Ìjà tirẹ̀ ló kù. Ìbídùnní, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wá kí i, ó sì wá bá mi ní ìsọ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa o. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Orúkọ bàbá mi tóbi nílùú yìí. Àwọn èèyàn á ní ogún lẹ ń wá." Mo sọ fún Dókítà. Ó sorí kọ́.

"Jẹ́ ká ṣe sùúrù, Àbẹ̀kẹ́. Yóò gbà tó bá yá."

"Ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣó inú páálí. Inú bí mi. "Ẹ̀yin tí ẹ ń la inú ọmọ aráyé, ẹ ò lè la ẹnu bá ọmọ bíbí inú yín sọ̀rọ̀! Ẹ má wá síbí mọ́. Ìṣó ti tán."

Irọ́ ni, ìṣó kún ìsọ̀ bámúbámú. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí o, ọkùnrin yìí gbọ́ràn sí mi lẹ́nu! Kò wá mọ́. Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Mò ń se oúnjẹ ẹni méjì, mò ń da ìdajì nù. Tí mọ́tò bá dúró níwájú ìsọ̀, ọkàn mi á já, á sì di ẹlòmíràn.

Mọ́lámù onísìmẹ́ǹtì ló wá sọ fún mi. "Hàjíà, ẹ ò gbọ́? Ọ̀la ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún Likita." Nǹkan kan ló hù sí i nínú ìfun. Ìbídùnní fẹ́ gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ̀, ó ní Dókítà Akínjídé tóun fọwọ́ ara òun kọ́ níṣẹ́ ni yóò ṣe é, ní Bwari.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn èèyàn tẹ́ ẹní títí dé abẹ́ igi dóńgóyárò, àwọn àgbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà, ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n. Ìbídùnní jókòó síwájú. Mo wá gbòǹgbò igi kan lẹ́yìn, mo jókòó lé e. Kí ni mo jẹ́ fún un? N kì í ṣe ìyàwó, n kì í ṣe ẹbí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè níbẹ̀, ẹni tí aláìsàn bá dárúkọ. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe èmi, mo kàn fẹ́ wà ńbẹ̀ ni.

Oòrùn ti mú nígbà tí Dókítà Akínjídé jáde. Ìbídùnní ti dìde.

Akínjídé ní, "Àbẹ̀kẹ́ dà?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Ìbídùnní ní, "Dókítà, kò sí Àbẹ̀kẹ́ nínú ẹbí wa. Èmi ni ọmọ rẹ̀."

"Mo mọ̀, àǹtí. Ẹ má bínú. Kó tó sùn, mo bi í léèrè bó ṣe kọ́ wa pé ká máa bèèrè. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ló jókòó de òun. Ó ní ó dá òun lójú pé ó wà níta."

Mo dìde. Wọ́n yà fún mi. N kò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi débẹ̀. Mo ní, "Èmi ni."

Akínjídé di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Mà, gbogbo ohun tó kọ́ wa la ṣe."

Níwájú gbogbo Bwari ni Dókítà mi fi mí ṣe ìyàwó, gbólóhùn tó tẹ̀lé e ni mo sì di opó.

Ìbídùnní ń wò mí. "Ẹ̀yin ni?" Mo ní, "Èmi ni, ọmọ mi." Ló bá gbórí lé èjìká mi, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé fìlà abetí-ajá yẹn wá bá mi ní Dei-Dei. Ó fẹ́ máa tọrọ àforíjì, mo ní kó dákẹ́, kó jókòó, kó jẹun. Mo ṣáà ti se oúnjẹ ẹni méjì.

Ní báyìí, tó bá ti di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo máa ń ti ìsọ̀, mo ń lọ sí Bwari. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fìlà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nínú lọ́hùn-ún, Akínjídé á bi aláìsàn pé ta ló jókòó dè é níta. Ẹni tó bá ní kò sí, á ní, "Ó wà. Àbẹ̀kẹ́ wà níta."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alágbàṣe kan ni, ọ̀nà Abaji ló ti wá, kò mọ ẹnì kankan. Ó pẹ́ kí Akínjídé tó yọjú. "Àbẹ̀kẹ́, ó ti là á já o."

Mo ní alhamdulillah. Mo sọ fún fìlà náà. Lẹ́yìn náà mo wọ mọ́tò, mo padà sílé. Kí n tó ṣílẹ̀kùn ni mo ti ń gbọ́ ohùn èèyàn nínú ilé. Mo ti tan rédíò sílẹ̀ kí n tó jáde.