Ẹni Tó Kó Àwọn Ọmọ Sórí Omi Kí Ìrẹsì Tó Gbó

Ní ọdún 1986, Alvin Doxtator kó ọmọ méjìlá sórí adágún kí ìrẹsì tó gbó, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pé ọdún méjì kí ó tó di ọkọ Verna Cadreau.

Inú òjò oṣù kẹfà ni Verna ti kọ́kọ́ rí i. Ó ń gba ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ bọ̀ wá sí gbọ̀ngàn ìlú, bàtà dúdú tó ń dán ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, èkejì ti há sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn, kò sì dúró yọ ọ́. Ó di àpò kan mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fi bo àpò náà. Òun fúnra rẹ̀ ti tutù rinrin.

Verna dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀ ní ìlú ńlá báyìí?"

"Èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn," ọkùnrin náà dáhùn. "Ó ní kí òun sinmi díẹ̀."

Verna kì í tètè rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín.

Àgbàdo funfun ló wà nínú àpò. Ọmọ Oneida ni Alvin, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbin àgbàdo, ìyá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé èèyàn kì í lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo. Ojibwe, ẹ̀yà ìbílẹ̀ mìíràn, ni àwọn ará Adágún Ìyá-Pẹ́pẹ́yẹ ní tiwọn, ìrẹsì tó ń dá hù nínú omi ni oúnjẹ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àǹtí Bernadine, àbúrò bàbá Verna, ti ọwọ́ bọ inú àpò náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wò ó o! Wọ́n rán ọkùnrin sí wa, ó gbé oúnjẹ adìyẹ wá!"

"Màmá, ọbẹ̀ la fi ń sè."

"Ta ni màmá rẹ? Ṣé mo dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Jókòó, Alágbàdo. Na ẹsẹ̀ rẹ sí iná."

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn, kò sì bọ́ lára rẹ̀ mọ́.

Ilé iṣẹ́ kan ní Minneapolis ló rán an. Wọ́n fẹ́ fi owó ti ètò kan lẹ́yìn, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ní àgbà kan tí yóò máa tẹ̀ lé. Ìlú náà nílò rẹ̀. Verna ń dáná ní ilé ẹ̀kọ́, ó ń rí àwọn ọmọ náà lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń di igi tí wọ́n fi ń gbọn ìrẹsì sínú ọkọ̀ mú. Àwọn tó bá pé ọdún méjìdínlógún á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú ńlá, wọn kì í sì í padà.

Alvin tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì ìdáná. Verna mú pẹ́ńsù.

"Kí ni 'ìrónilágbára àwọn ọ̀dọ́ nípasẹ̀ àjọṣepọ̀ alájùmọ̀ní'?"

Alvin họ orí. "Ó túmọ̀ sí pé kí àgbà kọ́ ọmọ níṣẹ́."

"Kí ló dé tí o ò kọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọn ò ní fún wa lówó."

"Kọ tiwọn fún wọn. Kọ tiwa fún wa." Ó sì fa ìlà gba orí gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó ṣe tán, ojú ìwé mẹ́sàn-án ti di ìdajì ojú ìwé kan.

Eugene, bàbá Verna, ni ẹni tó ń ṣọ́ adágún. Lọ́dọọdún, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ló máa ń wọ inú omi lójoojúmọ́, á fi ọwọ́ kan orí ìrẹsì, á wò ó, á padà sílé. Ọjọ́ tó bá sọ pé ó ti yá ni ìlú tó lè gbé ọkọ̀ sómi. Ó gba ètò náà, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan láti sọ.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú ìrẹsì títí n ó fi sọ pé ó ti yá. Ìwé rẹ kò lè sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ kò lè sọ ọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà ní gbọ̀ngàn nígbà náà, ẹ̀fọn pọ̀, búrẹ́dì díndín kì í sì í tán nínú agbada Àǹtí Bernadine. Àwọn àgbà jókòó sábẹ́ igi, àwọn ọmọ jókòó tì wọ́n, wọ́n ń gbẹ́ igi kédárì tí wọ́n á fi gbọn ìrẹsì. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Alvin ń wa ọkọ̀ wákàtí mẹ́rin wá. Ó ti ra bàtà ẹrẹ̀.

Verna kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró nínú ọkọ̀ kékeré, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn tì í, níbi tí ìrẹsì kò sí. Ìgbà mẹ́fà ló ṣubú sómi lọ́jọ́ kan.

"Ẹja ti mọ̀ ọ́ lórúkọ," Verna wí.

"Fà mí sókè."

"Ṣé kí ọkọ̀ lè dojú dé? Gba ibẹ̀ rìn wá sétí omi, kò jìn."

Wọ́n jókòó sórí òkúta kí aṣọ rẹ̀ lè gbẹ. Alvin wò ó títí. "Verna, tí mo bá ń wò ọ́ báyìí, ńṣe ni ọkàn mi—"

"Gbé bàtà rẹ, èèrà ti wọ̀ ọ́."

"Ṣé o ò fẹ́ gbọ́ ni?"

"Mo ti gbọ́. Wákàtí mẹ́rin ni kí o tó dé ibí. Ẹni tó ń wà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tán." Ó wá gbé orí lé èjìká rẹ̀ tó tutù, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta oṣù kẹjọ, ẹ̀gbọ́n Eugene kú ní ìlú kan lápá àríwá. Verna fi ọkọ̀ gbé bàbá rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú, àwọn àgbà tó kù náà bá wọn lọ. Alvin nìkan ló kù pẹ̀lú àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni tẹlifóònù gbọ̀ngàn dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní àwọn olówó ń bọ̀ ní Sátidé, wọ́n fẹ́ rí àwọn ọmọ lórí omi, nínú ìrẹsì.

"Kò tíì gbó, sà."

"Ọjọ́ náà ti wà nínú ìwé, Alvin. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan, kò ní sí ètò lọ́dún tó ń bọ̀."

Ó rò ó mọ́jú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé etí adágún nìkan ni, ìṣẹ́jú ogún péré. Ní Sátidé, ó kó àwọn ọmọ náà sínú ọkọ̀ mẹ́fà. Àwọn àlejò ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì wọkọ̀ lọ.

Eruku ọkọ̀ wọn kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí Verna àti bàbá rẹ̀ dé. Ìrẹsì etí adágún ti wó lulẹ̀ bí ibi tí àgbọ̀nrín sùn sí. Verna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa ẹyọ kan nínú ọkọ̀, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́. Omi funfun yọ lára rẹ̀.

"Wàrà ni," ó wí. "Wàrà ni gbogbo rẹ̀, Alvin."

"Etí rẹ̀ nìkan ni. Mo rò pé tí wọ́n bá rí i, owó á wá, àwọn ọmọ á—"

"Tí kò bá gbó, kò ní já bọ́ sómi. Tí kò bá já bọ́ sómi, kí ni yóò hù lọ́dún tó ń bọ̀? Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn la fi ń kọ́ àwọn ọmọ yìí láti dúró. O fi ìṣẹ́jú ogún kọ́ wọn pé kò pọn dandan."

Ní ọjọ́ kejì, Eugene dìde ní gbọ̀ngàn. Kò pariwo. "Ẹnikẹ́ni kò ní wọ etí adágún yẹn fún ọdún méjì. Ètò yìí ti parí. Ẹ máa lọ sílé." Kò tilẹ̀ wo ibi tí Alvin wà.

Nílé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ọ́, mi ò lè ní kí o má fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ ìrẹsì nílé mi."

Verna lọ bá Alvin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Máa lọ," ó ní. Ó yí padà kí ọkọ̀ náà tó gbéra.

Fọ́tò náà dára gan-an. Ọ̀gá Alvin ní kó kọ ìròyìn pé ètò náà yọrí sí rere. Alvin kọ ojú ìwé kan: *Mo kó àwọn ọmọ sórí omi kí ìrẹsì tó gbó. Wọ́n ti sọ fún mi kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ba oúnjẹ wọn jẹ́, mo sì ba ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn jẹ́.* Ọ̀gá náà ní kó fà á ya tàbí kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Verna, kò kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan mọ́ ọn. Verna mú pẹ́ńsù, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí ohun tí yóò fa ìlà sí.

Nígbà tí ewé ń já bọ́, Alvin padà wá. Ó ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ pákó tó wà nítòsí, ó gba yàrá ẹ̀yìn nílé Àǹtí Bernadine.

"Ìwọ ni wàá máa la igi," Àǹtí wí. "Mi ò ní gba owó rẹ. Mo fẹ́ kí o jìyà ni."

Ó gbé tábà lọ fún Eugene, bí wọ́n ṣe ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ bẹ àgbà. Bàbá náà fi í sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, òjò pa á. Ó gbé òmíràn lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Yìnyín bò ó mọ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ilé méjìlá. Ó ń dúró níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan àti òbí rẹ̀, ó ń sọ pé, "Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ̀bi tèmi ni." Àwọn kan fún un ní tíì. Ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní ilé tó kẹ́yìn, Trudy, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wo ilẹ̀ títí.

"Bùrọ̀dá, àwa náà mọ̀ pé kò tíì gbó," ó wí. "Bàbá Eugene ti fi hàn wá. A ò fẹ́ kí inú yín bà jẹ́ ni."

Alvin gba ilé Eugene lọ tààrà, kò mú tábà kankan dání. Ó ròyìn ohun tí ọmọ náà sọ. Òun àti Verna ló ń jẹun lọ́wọ́; bàbá náà fi ṣíbí sílẹ̀.

"Wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀, Bàbá. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀."

Eugene ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wọ́n ti kọ́ nǹkan nígbà náà." Ó wo ọwọ́ Alvin. "Tábà dà?"

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́."

"Lọ mú un wá. Fún Verna láǹfààní kó gbé abọ́ ìrẹsì kẹta jáde."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Eugene jẹ́ kí ètò náà tún bẹ̀rẹ̀, láìsí owó láti ibì kankan. Àwọn ọmọ wá, àwọn àgbà wá, oníkálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀. Alvin àti Eugene jọ ń ṣọ́ etí adágún tó bàjẹ́ náà. Àwọn ewé tínrín díẹ̀ yọ lójú omi, bàbá náà tọ́ka sí wọn.

Oṣù kẹta ọdún 1988, Verna àti Alvin ń se omi dídùn tí wọ́n gbà lára igi, kó lè di ṣúgà. Èéfín ń ta wọ́n lójú.

"Ọdún mélòó lo fẹ́ fi máa sùn nílé Àǹtí mi?" Verna bèèrè.

"Títí wọ́n á fi lé mi."

"Wọn ò ní lé ọ, wọ́n ti fẹ́ràn ọbẹ̀ àgbàdo rẹ. Èmi ni mo ń lé ọ. Kó ẹrù rẹ wá sílé mi."

Alvin dìde dúró. "Ṣé ohun tí mo rò nìyẹn? Verna, láti ọjọ́ tí mo ti—"

"Má sọ ọ́ di ewì. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa, Alágbàdo mi. Ro ṣúgà yẹn, ó fẹ́ jóná." Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní èéfín ló ń mú omi yọ lójú òun.

Nígbà tí wọ́n sọ fún Eugene, inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún Alvin pé, "Ìwọ ni wàá máa ti ọkọ̀ fún un."

Verna gbé ojú sókè. Lórí adágún yẹn, ẹni tó bá ti ṣègbéyàwó, ọkọ tàbí aya rẹ̀ ló ń bá wọ ọkọ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti bàbá rẹ̀ ni, bàbá ń tì, ọmọ ń gbọn.

"Bàbá, a lè pín in. Ọjọ́ kan ẹ̀yin, ọjọ́ kan òun."

"Wọn kì í pín ọkọ̀."

"Àǹtí náà lè—"

"Bernadine ní ẹni tirẹ̀. Ènìyàn méjì ni mo ti bá wọ ọkọ̀ láyé mi, ìyá rẹ àti ìwọ. Ó tó."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹjọ. Àwọn àgbà fi kúbùsù oníràwọ̀ kan bo èjìká àwọn méjèèjì pọ̀. Ìyá Alvin fi àgbàdo funfun àti ìrẹsì se ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan náà, Àǹtí Bernadine jẹ abọ́ mẹ́ta, ó ní òun kàn ń tọ́ ọ wò ni.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, Eugene dúró ní èbúté. Ó ní, "Ó ti yá." Àwọn ọkọ̀ wọ inú ìrẹsì, àwọn ọmọ pẹ̀lú àwọn àgbà wọn, Alvin dúró gbọin lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Ìrẹsì ń rọ̀ sínú ọkọ̀ bí òjò. Verna bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré.

Bàbá rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ létí omi, ó sọ gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kalẹ̀ kó lè máa gbọ́ ìró igi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, wọ́n ń tì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó di ọ̀pá ọkọ̀ mú, wọ́n ń padà, wọ́n ń tì. Fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, kò sí ọdún kan tí kò wọ inú ìrẹsì. Ó lo ọdún mọ́kànlá sí i láyé, ó sì ń sọ ọjọ́ tó yá fún ìlú lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀ kó ìrẹsì mọ́.