Omi Kànga Ìyá Olómi

Sadatou fa àpótí aṣọ rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó sì tú aṣọ tó fi wé ìgò mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti bu omi sínú wọn. Olùkọ́ wọn, Monsieur Sosthène, ti ki bébà kékeré kan tí wọ́n rẹ sínú oògùn bọ inú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bí omi bá ṣì mọ́ gaara lọ́jọ́ kẹta, kò séwu. Bó bá dúdú, ìdọ̀tí ìgbẹ́ ti wọ inú rẹ̀."

Ìgò kìíní mọ́. Ìkejì náà mọ́. Omi pọ́ǹpù ló wà nínú méjèèjì. Ẹ̀kẹta ti ń dúdú. Kànga Rosalie, ìyá ọlọ́mọ tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ni wọ́n ti bù ú. Ṣùgbọ́n ìgò kẹrin dúdú bí èédú. Kànga ìyá àgbà rẹ̀ ni.

Kò sí ẹni tí kò mọ kànga náà ládùúgbò wọn ní Ifangni. Bàbá àgbà Àlàní ló gbẹ́ ẹ kó tó kú. Ìyá àgbà kì í lé ẹnikẹ́ni padà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Olómi. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, àwọn tó ń wá pọn omi láàárọ̀ ló ń bá a tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n ń pa á lẹ́rìn-ín. Bí wọn ò bá wá mọ́ ńkọ́?

Chérifath, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò omi náà, wo ìgò náà, ó yọ ṣùtì.

"Ìyẹn ló ń dà ọ́ láàmú? Dà á nù. Bu omi pọ́ǹpù sínú ìgò mìíràn, kí o kọ nọ́ńbà ìgò kẹrin sí i lára. Ta ló máa mọ̀?"

"Monsieur ní ká má..."

"Monsieur ò sí níbí. Àbí o fẹ́ dójú ti ìyá àgbà ẹ láwùjọ lọ́jọ́ Sátidé? Ṣebí ẹ ti ń mu ún tipẹ́. Èwo nínú yín ló kú?"

Sadatou ronú, ronú. Níkẹyìn, ó gbé ìgò òfìfo, ó gba ọ̀nà pọ́ǹpù lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́ kún fọ́fọ́. Ọjọ́ sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ará ìlú ni, tọmọdé tàgbà. Àwọn àgbẹ̀ láti abúlé Lagbé gbé erùpẹ̀ oko wọn wá fún àyẹ̀wò. Àwọn ìyá ọlọ́jà tò síwájú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ eṣinṣin. Ọlọ́kadà kan fò sẹ́yìn, ó ní, "Ah bon! Irun ló wà lẹ́sẹ̀ eṣinṣin báyìí, tó ń bà lé mi lóúnjẹ?" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kan Sadatou, ó na ọwọ́ sí àwòrán àdúgbò tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Àmì pupa wà lórí kànga Rosalie. Àmì aláwọ̀ ewé wà lórí ti Ìyá Olómi.

Rosalie dìde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ó ti tó oṣù méjì tí ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ ọmọ yìí lẹ́nu. Láti òní lọ, ọ̀dọ̀ Ìyá Olómi ni màá ti máa pọn omi rẹ̀."

Ìyá àgbà, tó jókòó níwájú, rẹ́rìn-ín. "Máa bọ̀, ọmọ mi. Bí ilẹ̀ ò bá tíì mọ́ pàápàá, kanlẹ̀kùn."

Sadatou wo ọwọ́ ọmọ náà tó gbẹ bí igi ìṣáná. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọmọ yìí ni yóò mu irọ́ náà. Chérifath fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnu Sadatou ti là.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọn ọ́n! Omi kànga wa dúdú. Mo dà á nù, mo fi omi pọ́ǹpù rọ́pò rẹ̀."

Sadatou kúnlẹ̀, kò sì dárúkọ Chérifath. Monsieur Sosthène yọ àmì aláwọ̀ ewé kúrò, ó gbé pupa lé e lọ́wọ́. "Ìwọ fúnra rẹ, lẹ̀ ẹ́." Ó lẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ ní, "O ò ní bá àwọn yòókù lọ síbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Porto-Novo. Ẹni tó bá yí èsì padà kò lè ṣojú wa. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé o sọ̀rọ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ tó mu ún."

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó wá pọn omi. Ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó síwájú kànga, ó jókòó tì í títí oòrùn fi mú. Inú ilé ni Sadatou ti ń wò ó, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbà bi í léèrè. "Kí ló bà á jẹ́?"

"Ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé ni, Ìyá. Ó sún mọ́ kànga jù."

Arúgbó náà dìde, ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré. Ó mi orí. "Bàbá àgbà yín ní ká gbẹ́ ẹ sí ọ̀nà jíjìn. Èmi ni mo kọ̀, torí mi ò fẹ́ máa rìn jìnnà nínú òjò."

Ọkọ Rosalie ló kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì dé, àwọn aládùúgbò yòókù sì tẹ̀lé e. Wọ́n dí ṣáláńgá náà pa, wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ìpẹ̀kun ilẹ̀, wọ́n mọ ẹnu kànga sókè, olùkọ́ sì da oògùn apakòkòrò sí i. Lẹ́ẹ̀mejì ni Sadatou yẹ omi náà wò tí ó ṣì ń dúdú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó mọ́ gaara.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà pè é. "Mo bínú sí ọ, mi ò ní parọ́. Kì í ṣe torí pé o tú u síta, bí kò ṣe torí pé èmi kọ́ lo kọ́kọ́ sọ fún. Ìwọ rò pé ò ń bo àṣírí mi. Egbò tí a bá bò mọ́lẹ̀, jíjẹrà ló ń jẹrà."

Sadatou kò rí Porto-Novo lọ́dún náà, ó sì dùn ún gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn rẹ̀ kì í fi irọ́ bo ewu mọ́ ọn lójú. Òtítọ́ lè dójú tini fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ òun nìkan ló ń jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ ká ti tún nǹkan ṣe.