Ìkòkò Tí Ìrẹsì Kò Wọ̀ Rí

Orí àkàbà ni Tirsa wà, tí ewé há sí i nírun, nígbà tí Amramu kọ́kọ́ rí i. Àjọ Àgọ́ ku ọ̀la, gbogbo Jerúsálẹ́mù ló ń pàgọ́. Amramu sọ ẹrù imọ̀ ọ̀pẹ tó ń tà kalẹ̀.

"Arábìnrin, òrùlé yín ti ki jù. Ibo lẹ ó ti máa rí ìràwọ̀?"

"Ọjà lẹ wá tà ni, àbí ìwàásù?"

"Ọjà ni. Ìwàásù yẹn, ènì ni."

Tirsa rẹ́rìn-ín, ó sì yọ imọ̀ méjì kúrò lórí àgọ́, kí ìràwọ̀ lè hàn láti inú rẹ̀ bí àṣà.

Nígbà tí àjọ Púrímù dé, tí oníkálùkù ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ síra wọn, àwo Amramu ló kọ́kọ́ dé ilé wọn. Baba Tirsa, tó ń fọwọ́ da ìwé Òfin kọ, fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi gbọ́ pé Mòrókò ni ìran rẹ̀ ti wá.

"Wọ́n ń jẹ ìrẹsì nígbà Ìrékọjá! Àwọn baba wa kò jẹ ẹ́ rí. Ṣé ilé ọmọ mi ni n kò ní lè jẹun lọ́jọ́ àjọ?"

"Bàbá mi, Amramu ni mo fẹ́ fẹ́, kì í ṣe ìrẹsì."

"Inú àwo kan náà ni wọ́n wà."

Tirsa kò sì ní lọ ilé ọkọ láìgba ìre baba rẹ̀.

Ìrékọjá ku ọjọ́ mẹ́ta, baba lọ sọ fún ìyá Amramu, tí í ṣe opó, pé ìgbéyàwó náà kò ṣeé ṣe. Ó bá opó náà níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì lórí aṣọ funfun, ní hóró kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jókòó, Bàbá Tirsa. Ẹ má bínú, mi ò lè dìde. Tí mo bá gbójú kúrò, àfi kí n tún un bẹ̀rẹ̀."

"Kí lẹ ń wá?"

"Hóró àlìkámà kan ṣoṣo tó lè wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń ṣà á. Àlìkámà tí omi bá kàn lè di ìwúkàrà, ìwúkàrà kò sì gbọdọ̀ wọlé mi nígbà Ìrékọjá."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Tirsa fúnra rẹ̀ ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá kọ, torí lẹ́tà kan péré lè ba ìwé Òfin jẹ́. Ó jókòó.

Obìnrin náà nawọ́ sí ìkòkò kan lókè. "Ìkòkò tuntun yẹn, tiyín ni. Ìrẹsì kò wọ̀ ọ́ rí. Ọ̀dùnkún la ó máa sè fún yín nínú rẹ̀."

"Ọ̀dùnkún fún ọjọ́ méje!" Baba rẹ́rìn-ín. "Ẹ mà mọ ìyà tó ń jẹ àwa tí kì í jẹ ìrẹsì o."

Lẹ́yìn Ìrékọjá, wọn kì í gbéyàwó láàárín ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ dé Àjọ Ọ̀sẹ̀. Tirsa kà á, kò fo ọ̀kankan. Lẹ́yìn àjọ náà, baba rẹ̀ súre fún wọn. Nínú gbogbo ẹrù ìyàwó, ìkòkò yẹn, tí ìyá Amramu ti fi ránṣẹ́ sí baba, nìkan ni Tirsa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé.

"Olólùfẹ́ mi," ni Amramu wí, "ṣé èmi náà á jẹ nínú rẹ̀?"

"Ti Bàbá ni. Ẹ lọ ṣa ìrẹsì yín."