Kọ́kọ́rọ́ Aago Ilé Pennifold

Aago náà ti lọ. Àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tó kù níbẹ̀ ò ju kọ́kọ́rọ́ bàbà kékeré tí wọ́n fi ń yí aago náà kó lè ṣiṣẹ́.

"Bàbáńlá mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é," Rupert Pennifold ń pariwo. "Iṣẹ́ aago wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí ti sú gbogbo ìlú Prescot. Rupert ò fọwọ́ kan irinṣẹ́ rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó wọ wẹ́sìkóòtù bàbáńlá rẹ̀, kí àwọn àlejò lè máa yà á ní fọ́tò.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Cleasby, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, gbé kọ́kọ́rọ́ náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹnu kọ́kọ́rọ́ náà ti lọ́ sí ọ̀tún.

"Ta ló lè ṣí àpótí yìí?"

"Àwa mẹ́ta. Èmi, Harriet àbúrò mi, àti Wilf tó ń tún aago ṣe. Wilf ni kẹ́ ẹ mú. Kó kẹ́rù ẹ̀ kúrò nílé wa lónìí."

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Wilf Garstang ti ṣiṣẹ́ fún wọn. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí òun àti ìyàwó rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́ ń gbé, ti àwọn Pennifold ni. Bí wọ́n bá lé e, kò níbi tó máa forí lé.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?" Cleasby bi Wilf.

"Lánàá, aago mẹ́rin. Mo yí i bí mo ṣe ń yí i lójoojúmọ́. Kò sóhun tó ṣe òun àti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀."

Harriet dá sí i. "Bó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí aago náà kúrò nílé lẹ ń wá, èmi rèé. Mo ní ká gbé e fún mùsíọ́ọ̀mù."

"Kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ lónìí?"

"Àwọn tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀. Bọ̀dá mi fẹ́ yí i lójú wọn. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń fọ́nnu ẹ̀."

Cleasby mú aago Pennifold mìíràn látorí pẹpẹ, ó ní kí olúkúlùkù yí i díẹ̀. Wilf yí i sí òsì. Harriet náà yí i sí òsì. Rupert gbà á, ó yí i sí ọ̀tún. Kò lọ. Ó tún fi agbára yí i.

Cleasby di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé ẹ fẹ́ ba èkejì jẹ́ ni?"

Ó gba aago náà lọ́wọ́ Rupert.

"Òsì ni wọ́n ń yí àwọn aago yìí sí. Ẹni tó lọ́ kọ́kọ́rọ́ yìí fi agbára yí i sí ọ̀tún. Olè kankan ò sì ní dúró yí aago kó tó gbé e lọ. Ẹ̀yin lẹ fi í dánra wò de àwọn tẹlifíṣọ̀n."

Rupert jókòó. "Nǹkan kan kán nínú aago náà mọ́ mi lọ́wọ́. Wọn ì bá máa fi mí rẹ́rìn-ín káàkiri England, Pennifold tí kò lè yí aago Pennifold."

"Ẹ wá purọ́ mọ́ bàbá yìí láti fi bò ó?"

"Òun ni wọ́n máa tètè gbà pé ó jí i."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń bèèrè ṣúgà sí tíì. Ìtìjú tirẹ̀ ló ká a lára, kì í ṣe ilé tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Inú báàgì gọ́ọ̀fù rẹ̀ ni wọ́n ti rí aago náà.

Wilf tú ojú aago kúrò kó lè wo ibi tó bàjẹ́. Harriet tẹjú mọ́ lẹ́tà méjì tí wọ́n tẹ̀ sára irin abẹ́ rẹ̀.

"J.G. Ta nìyẹn?"

"John Garstang. Bàbáńlá mi."

"Orúkọ wa ló wà lójú ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ tà á, àwa la ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Prescot nìyẹn."

"Ẹ ò sì sọ?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Ọkọ̀ àwọn tẹlifíṣọ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Rupert fò dìde, ó ń tún wẹ́sìkóòtù ṣe. "Wilf, ṣé o lè tún un ṣe kí wọ́n tó wọlé?"

"Mo lè tún un ṣe," ni Wilf wí. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó sì tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ojú wọn ni mo ti máa ṣe é."