Ẹni Tó Ní Òun Ń Bọ̀

Àtàǹpàkò ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. À ń jẹun ọ̀sán nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Bẹẹrẹ, Ìbàdàn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú abọ́, ọwọ́ òsì wà lórí itan, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì yẹn sì ń tẹ nǹkan tí mi ò rí. Á tẹ̀ ẹ́, á dúró díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Bàbá Sìdí, kí lẹ ń tẹ̀?” Ó wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni, ó ní òun ò tẹ nǹkan kan. Nígbà tó dìde láti kí ìrun àílà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ó forí kanlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ké sí Ọlọ́run, àtàǹpàkò rẹ̀ ò sinmi.

Ràbíátù lorúkọ mi. Láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú dé Mápó, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í dùn tí wọ́n bá fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ tèmi, mi ò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀. Ọdún 1991 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Télọ̀ ni èmi àti Àkíbù ọkọ mi. Òun ń rán agbádá ọkùnrin, èmi ń rán bùbá àti ìró, ẹ̀rọ ìránṣọ wa kọjú síra. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ oníbàárà kún ilẹ̀ débi pé a ò rí ibi fẹsẹ̀ sí. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ mi, ẹni tí wọ́n máa ń bẹ̀ kó tó dìde lórí ẹ̀rọ, sọ ọ́ di àṣà pé kó máa jáde lọ́sàn-án. Á ní, “Ràbí, mo ń bọ̀.” Èmi náà á ní, “Ẹ tètè dé o.” Àlááṣárì á kọjá, màgàríbì á wọlé, mi ò ní rí i.

Obìnrin ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Háà, mo ti múra ìjà! Mo tú gèlè mi, mo fi gbàjá, mo tẹ̀lé e. Ó yà sí Bẹyẹrunkà, ó wọ ilé alámọ̀ kan tí wọ́n ta kọ́tìnnì dúdú sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Èmi náà wọlé.

Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́jọ ni mo bá, wọ́n tò wọ́n sára ògiri, ọkùnrin jókòó síwájú méje, olúkúlùkù ń fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì ohun kékeré kan tó dì mú, ìkẹjọ ṣókùnkùn. Wáyà gba ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì, ó wá gba inú àjà jáde lọ síbi tí mi ò mọ̀. Ooru mú nínú yàrá yẹn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń tojú àwọn tẹlifíṣọ̀n náà wá tutù, ó ń rùn bí irin tó sùn síta lásìkò ọyẹ́.

Ẹni tó ni ibẹ̀ jókòó lórí àpótí. Adégòkè ni wọ́n ń pè é. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, kò sí òógùn kankan lára ẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó o.” Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Ìyá Sìdí. Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé.” Mi ò rí ọkùnrin yìí rí láyé mi. 

Mo wo ojú tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú ọkọ mi. Sánmà dúdú ni, ìràwọ̀ wà káàkiri ẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí wọ́n kọ AKIBU sí lára fò lọ síbi òkúta kan, ó gbẹ́ ẹ, ó kó o, ó gbé e lọ síbi ìkẹ́rùsí, ó tún padà. Ọkọ̀ mìíràn wà nínú sánmà náà, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn méje tó wà nínú yàrá lọ fíìfíì.

Mo ní, “Bàbá Sìdí, kí lẹ fẹ́ fi òkúta ṣe?”

Kò wojú mi. “Kí n lè gba ọkọ̀ tó jù yìí lọ.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ńlá ṣe?”

“Kí n lè kó òkúta tó pọ̀ sí i.”

“Tẹ́ ẹ bá kó o tán ńkọ́?”

“Kì í tán,” ló wí, ó sọ ọ́ bíi pé ìròyìn ayọ̀ ni. Ó ní bí òun bá wá lọ́jọ́ méje léra wọn, wọ́n á fi ìràwọ̀ kan dá òun lọ́lá. Bí òun bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, òkúta òun á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Mo yíjú sí Adégòkè, mo bi í pé èló ló ń gbà. Ó ní òun kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́? Nínú Ìbàdàn yìí? Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí gan-an. Mo fa ọkọ mi lápá, ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, kò mì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kó èyí tán. Inú bí mi, mo nàka sí Adégòkè, mo ní, “Ẹ dúró dè mí níbẹ̀ yẹn! Mo ń bọ̀!”

Ìhàlẹ̀ lásán ni. Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ tí inú bá ń bí i? Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ máa bọ̀ o. Màá dúró.” Bí mo ṣe gbá kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tẹlifíṣọ̀n kẹjọ, èyí tó ṣókùnkùn, tàn lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ kejì mo jáde lọ ra òwú ní Ọjà'ba. Mo mọ ọ̀nà Ọjà'ba bí mo ṣe mọ inú ilé mi. Nígbà tí ojú mi máa wálẹ̀, kọ́tìnnì dúdú ni mo dì mú. Mi ò ra òwú kankan, mi ò sì mọ ìgbà tí mo yà. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá. Lójú tẹlifíṣọ̀n kẹjọ, wọ́n ti kọ RABIATU sára ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà sì ń kó òkúta láìsí ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí ni iná ti lọ. Rédíò ìta dákẹ́, ẹ̀rọ alọta dákẹ́, gbogbo Bẹyẹrunkà ké “Háà!” Mi ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kankan. Àwọn tẹlifíṣọ̀n mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ò kú, ìmọ́lẹ̀ wọn ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mo ti rí ọkọ̀ kan tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ mi, ó lọ́ra, ẹrù òkúta ti wọ̀ ọ́ lára. GABRIEL ni wọ́n kọ sí i.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni Gabriel, ó ń ṣáájì bátìrì lọ́nà Mápó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Èmi fúnra mi lọ síbi ìsìnkú ẹ̀, ó ti lé ní ogójì ọjọ́.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọ̀gá Adégòkè, Gabriel wo nìyẹn?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n.”

“Ó ti kú.”

“Mo gbọ́,” ló dáhùn jẹ́jẹ́. “Ṣùgbọ́n ó ní òun ń bọ̀.” Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. “Ìyá Sìdí, mi ò mú ẹnikẹ́ni o. Tí wọ́n bá ń lọ, mo máa ń ní, ‘Ó dàbọ̀.’ Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́ ni.”

Mo jáde. Gbogbo ọ̀nà lọ̀rọ̀ yẹn ń yí lórí mi. Àwa Yorùbá kì í lọ. Ẹni tó ń lọ Mẹ́kà á ní òun ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé á ní òun ń bọ̀. Ó dàbọ̀ là ń kí ara wa. Òkú nìkan là ń sọ fún pé ó dìgbéré. Mo wá rántí ẹ̀bá ibojì Gabriel. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń ní ó dìgbéré, Bertha ìyàwó ẹ̀ yarí, ó ń pariwo, “Ó dàbọ̀, ọkọ mi! Ó dàbọ̀!” Àwọn àgbà sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti jáde.

Òkè-Àdó ni Bertha ń gbé, aládùúrà paraku ni. Nígbà tí mo rò ó fún un, ó fẹ́ gbá mi létí. “Ìyá Sìdí, ẹ wá fi òkú ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́?” Mo ní kó wá fojú ara ẹ̀ rí i, tí kò bá rí i, kó wá gbá mi létí níwájú gbogbo ayé. Ó wọ aṣọ àdúrà ẹ̀, láìwọ bàtà, a jọ gba inú oòrùn ọ̀sán lọ.

Ó rí i. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n náà, ó fọwọ́ kan dígí níbi tí ọkọ̀ yẹn wà. “Gabriel,” ló wí, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ, “èmi ni mi ò jẹ́ kó o sinmi. Má bínú sí mi. Ó dìgbéré.” Ọkọ̀ náà dúró. Òkúta inú ẹ̀ dà sínú òkùnkùn, orúkọ ara ẹ̀ sì ń pa rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa nínú yàrá gbọ́ bí ẹnì kan ṣe mí kanlẹ̀, bí alábàárù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù. Adégòkè dìde lórí àpótí. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Mo kọjú sí ọkọ mi. Bertha di aṣọ mi mú. “Ìyá Sìdí, ẹ rò ó dáadáa o. Ti yín ṣì wà láàyè. Tó bá lọ ńkọ́?”

Ẹ̀rù bà mí. Mo bi ọkọ mi pé kí lorúkọ ọmọ wa. Ó ní kí n dúró, kí òun kó èyí tán. Mo tún bi í. Ó yanu, ó wá orúkọ náà, kò rí i. Ibẹ̀ ni mo ti gbaná jẹ. Ọkọ wo ló tún kù tí mo ń bẹ̀rù àtipàdánù? Mo pe orúkọ tí mi ò pè mọ́ ọn lójú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé ọkọ. Mo ní, “Àkíbù! Ó dìgbéré!”

Ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Mo gbé etí lé e láyà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bertha ń ké “Jèhófà!”, èmi ń ké “Lá ìláhà!” Mo ti pa ọkọ mi, ẹnu mi yìí ni mo fi pa á. Adégòkè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, atẹ́gùn tútù yẹn ń ti ẹnu ẹ̀ jáde. Ó ní, “Ẹ sọ fún un pé kó máa bọ̀. Á jí.”

Mo wò ó. “Mi ò sọ ọ́! Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó kú sọ́wọ́ mi ju kó máa kẹ́rù fún yín lọ!”

A wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi wúkọ́, ó lajú, ó wò mí tìyanutìyanu. “Ràbí,” ló wí, “kí ló dé tó o fi ń pe orúkọ mi láàárín èèyàn?” Ẹ̀rín àti ẹkún gbá mi mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tá a délé, mo ní ó ku èmi. Mo ní, “Bàbá Sìdí, ẹ sọ ọ́ fún èmi náà, kí ọkọ̀ mi dúró.” Ó yíjú sí mi. “Fún ẹ? Lójú ayé? Tó o bá ṣubú tí o ò dìde ńkọ́? Mi ò lè sọ ọ́, Ràbí.” Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mi ò gbọ́únjẹ fún un fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sọ ọ́. Mo lọ bá Bertha, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun ní ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, òun sì ti lò ó. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, síbẹ̀ inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn àílà, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ máa lọ. Mo máa ń fi wọ́n tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ kíkankíkan títí á fi rẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, à ń rán èyí tó kù lọ́wọ́, ni Adégòkè dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Aṣọ tá a so kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọkọ mi gbójú sókè, ó bi mí pé ta ni mò ń wò, kò rí ẹnì kankan.

“Ìyá Sìdí,” Adégòkè rọra sọ ọ́, bí ẹni tọ́rọ̀ ọ̀hún dùn, “ẹ ní ẹ ń bọ̀.”

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, mo wá rí férémù ilẹ̀kùn dì mú. Ọ̀rọ̀ mi ni mo fi ń yangàn láàárín oníbàárà. Tí mo bá ní aṣọ á yá ní Jímọ̀, Jímọ̀ ni. Mo tẹjú mọ́ ọn. Mo ní, “Irọ́ ni mo pa.”

“Ẹ ní kí n dúró dè yín.”

“Irọ́ ni mo pa fún yín! Òpùrọ́ ni mí! Ẹ máa lọ sọ ọ́ kiri Ìbàdàn!”

Ó wò mí bí ẹni tí wọn ò purọ́ fún rí, ẹsẹ̀ mi ò sì fà mí mọ́. Lẹ́yìn náà ó fẹ̀yìn rìn, ó rékọjá títì, ó dúró lódì kejì, ó kọjú sí mi. Látọjọ́ náà ló ti wà níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ lé e lórí, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kì í rin. Àwọn tó ń kọjá máa ń yà fún un láìmọ ohun tí wọ́n ń yà fún. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó wà níbẹ̀.

Kó máa dúró.