Ọjọ́ tí Ìgè Dá Nínú Orin

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí nírọ́, kó kọ́kọ́ lọ wo inú dúrọ́ọ̀ àwọn ilé kan ní Ìbà. Kásẹ́ẹ̀tì orin Ìgè ṣì wà níbẹ̀, bébà aláwọ̀ ewé ló wà lára rẹ̀. Kó gbé e sí rédíò, kó fetí sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni a fẹ́ sọ yìí. A kò fi iyọ̀ sí i, a kò sì bu omi là á.

Ní ọdún 1996, Bọ́lánlé ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìbà. Ìgè, àbúrò rẹ̀, ni ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un. Bàbá wọn ti kú tipẹ́. Victoria, ìyá wọn, kú ní ọdún 1991. Olórin ráàpù ni Ìgè.

Àwọn tó gbọ́ àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì gbàgbé. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì inú imú, tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ń kọrin nípa yìnyín tí kò fojú rí rí. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Okokomaiko, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "MC Ìgè, ta ló ń lé ẹ? Jókòó ná, mu omi."

Nígbà tó di àwo kejì, ohùn rẹ̀ yí padà.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nígbà òjò. Iná ti lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi ń kán láti etí páànù. Tó. Tó. Ìgè wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò oníbátìrì tó wà lórí tábìlì.

"Ẹ gbọ́ ọ wò, Sístà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o."

"Bó o bá tún ń fi imú sọ̀rọ̀, màá rẹ́rìn-ín."

Ìlù bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ìlù nìkan ló ń lọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìgè sọ gbólóhùn kan ní Yorùbá, ó dákẹ́. Ó tún sọ òmíràn, ó tún dákẹ́. Ìdákẹ́ náà gùn ju ọ̀rọ̀ lọ.

*Mo wà níbí.*

Ìlù.

*Ẹ̀bà àná ni mo jẹ, ó yó mi.*

Ìlù.

*Òtútù kò mú mi, aṣọ ń bẹ lọ́rùn mi.*

Ìlù.

*Àwa méjì la wà ní yàrá, ẹnì kejì kì í sùn.*

Christiana, oníbàárà tó wá gba búláòsì rẹ̀, mi orí. "Èyí dáa o, Ìgè. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí a kò gbọ́ ti ẹni tó wà lọ́hùn-ún."

Bọ́lánlé kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró lórí máṣíìnì. Ó ṣàkíyèsí pé ẹnu òun ń mì. Kí Ìgè tó sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ìlù nìkan bá ṣe ń lọ, ètè tirẹ̀ a máa sọ nǹkan lábẹ́lẹ̀.

*Àjàgbé.*

*Ṣé o ti jẹun?*

*Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn kò mú ọ?*

*Ẹ̀yin mélòó lẹ wà ní yàrá?*

Kò sí ibi tí kò ti bára mu. Ọ̀rọ̀ ìyá wọn ni.

Ní ọdún tí ìyá náà kú, Ìgè wà nílé ìwé ní Ìlọrin. Ìyá kò mọ̀ ọ́n kọ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe nígbà yẹn, inú kásẹ́ẹ̀tì ló sọ lẹ́tà rẹ̀ sí. Bọ́lánlé ló bá a tẹ bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ìyá kò lè bá rédíò sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Bó bá ti béèrè nǹkan, á dákẹ́, á dẹtí sílẹ̀, kí ọmọ ráyè dáhùn.

"Màámi, kò lè dá yín lóhùn níbí."

"Mo mọ̀. Bí n kò bá dúró, a jẹ́ pé mo ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn."

Àjàgbé ló ń pè é, oríkì rẹ̀, tí kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kẹ́yìn, ó béèrè pé, "Nígbà wo lo ń bọ̀ wá bá mi?" Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí pẹ́ ju ti ìyókù lọ. Téèpù ń yí. Bọ́lánlé ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbọ́ ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ó dára," ó ní. "Màá máa retí rẹ."

Bọ́lánlé ló yẹ kó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n inú ń bí i. Nínú gbogbo lẹ́tà yẹn, ìyá kò dárúkọ òun lẹ́ẹ̀kan, òun tó tẹ bọ́tìnnì. Ó ṣẹ́ eyín kásẹ́ẹ̀tì náà méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ó di ọ̀la, ó ní. Ọ̀la di ọ̀tunla. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá kú. Láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ fún Ìgè pé ìyá pè é, òun ni kò jẹ́ kó gbọ́.

Nígbà tí Christiana lọ tán, Bọ́lánlé béèrè pé, "Kásẹ́ẹ̀tì wo lo fi ṣe é?"

"Ọ̀kan tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín. Wọ́n ti ṣẹ́ eyín rẹ̀, mo fi sẹ́lótéèpù dí ibẹ̀." Ó wo ojú rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe òfìfo ni?"

"O ò gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ kó o tó gba nǹkan lé e?"

"Mo gbọ́ ọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣííì lásán ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin." "Àmọ́ ṣííì náà ń sinmi, Sístà. Á lọ, á dúró. Á lọ, á dúró. Ibi tó bá ti dúró ni mo ń fi ọ̀rọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà kàn ń wá ni. Bí mo ṣe rí àrà tuntun yìí nìyẹn."

Omi ń kán. Tó. Tó.

"Ó ti parí?"

"Ó ku ibì kan, ìparí orin tó kẹ́yìn. Ṣííì náà dúró pẹ́ níbẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tí màá fi sí i. Lọ́jọ́ Ajé la fẹ́ parí ẹ̀ ní sítúdíò Yínúsà."

Bọ́lánlé mọ ibẹ̀: ibẹ̀ ni ìyá ti béèrè pé, "Nígbà wo lo ń bọ̀ wá bá mi?" Nígbà tí ìyá wà láyé, ìbéèrè ọlidé ilé ìwé lásán ni ìbéèrè yẹn. Kí ni ó jẹ́ báyìí? Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ọmọ pé bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é, kó má dáhùn. Ìgè ti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo," ó ní. "Mo bẹ̀ ọ́."

"Kí ló dé?"

Ìgbà tó yẹ kó sọ ọ́ nìyẹn. Ó la ẹnu. Dúrọ́ọ̀ yẹn wá sí i lójú. Ó pa ẹnu dé.

"Ó máa dùn bẹ́ẹ̀ ni."

Ìgè rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rán búláòsì lẹ fẹ́ kọ́ mi ní ráàpù." Ó mú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Bọ́lánlé gun ọ̀kadà lọ sí Àlàbá. Ó ti pinnu pé òun á sọ gbogbo rẹ̀ lónìí. Nígbà tó dé, wọ́n ti ṣe tán. Yínúsà ń yọ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí.

"Sístà, ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀rín yín yẹn ló gbé orin náà."

"Ẹ̀rín wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ rín nígbà tí Ìgè dá ọjọ́ tán. Tẹ́ ẹ ní, 'Ó dára.' Ẹ̀yìn wa lẹ wà, a ò tiẹ̀ mọ ìgbà tẹ́ ẹ wọlé."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni."

Yínúsà wo ilẹ̀kùn. Ó wo Ìgè.

"Ọjọ́ kan ṣáà ni mo dá," Ìgè ní. "Ó bá orin mu ni. Mo ní màá dé ní ọjọ́..."

Bọ́lánlé fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Kí ọdún tó parí, àwo náà ti jáde. Èyí ni ayé gbà. Àrà ìdákẹ́ ni wọ́n ń pe àṣà tuntun yìí. Ní Okokomaiko, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń fi Ìgè ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá ń kọ ọ́. Bó bá dé ìparí, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á wá jọ pe ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tí kò mọ ọjọ́ yẹn láti Ìbà dé Àlàbá. Bọ́lánlé nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Bó bá wà lọ́nà, á fi ìka di etí. Bó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, á tẹ máṣíìnì kí ariwo rẹ̀ bo orin.

Nígbà mìíràn, ó máa ń rò ó pé ó yẹ kí òun gbọ́ ọ, kí òun lè ti Ìgè mọ́lé lọ́jọ́ náà. Nígbà mìíràn, á tún ní rárá. Ẹni tó bá gbọ́ ọjọ́ náà ti ń bá ìyá retí Ìgè nìyẹn. Kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Christiana wà ní ṣọ́ọ̀bù, rédíò ń kọrin.

"Ibi tó dùn ló kàn," Christiana ní.

Bọ́lánlé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máṣíìnì. Ariwo gba inú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó gbójú sókè, Ìgè ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì kékeré kan lọ́wọ́. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń sọ nǹkan fún un. Ó lè jẹ́ orin. Ó lè jẹ́ pé ó ń kí i ni. Ó lè jẹ́ pé ó ń dágbére.

Bọ́lánlé kò mọ̀ bóyá òní lọjọ́ tó dá fún ìyá, kò sì dẹsẹ̀. Ó ń tẹ máṣíìnì, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.