Ọ̀pá Kejì ní Pont Helyg

Ṣé ẹ ti fọwọ́ kan ìkọ́ òfìfo lára ògiri rí, ní ọjọ́ tí òtútù mú, tí ẹ wá rí i pé ó gbóná, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nǹkan kúrò lórí rẹ̀?

Èmi ti fọwọ́ kàn án, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Eluned ni orúkọ mi. Tíì ni mo ń tà ní téṣàn Pont Helyg, lórí ojú irin tóóró tó gun òkè láti etí òkun lọ sí Blaen Cwm, níbi tí àwọn baba wa ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Òkúta náà ti kúrò lọ́jà kí n tó lọ́kọ. Àwọn àlejò nìkan ló kù tí ń wọ ọkọ̀ ojú irin wa, arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á dúró lórí pèpéle, wọ́n á dijú, wọ́n á jẹ́ kí èéfín gba ojú wọn kọjá, wọ́n á ní, "Òórùn ìgbà èwe mi nìyẹn. Òun gan-an nìyẹn." Omi á máa bọ́ lójú wọn. Èmi á gbé tíì fún wọn. Orúnkún mi ń dùn mí. Kò sí ẹni tí ń gbowó iṣẹ́ níbẹ̀. Ìfẹ́ ló mú wa dúró, ìfẹ́ náà sì ti ń darúgbó.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó dẹ́rù bà mí, ẹ gbọ́ nípa ọ̀pá. Láti Pont Helyg lọ sókè, ojú irin kan ṣoṣo ló wà. Ọkọ̀ méjì kò lè pàdé níbẹ̀ kí wọ́n yà fún ara wọn. Nítorí náà, ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà, igi tó gùn tó láti ìgúnpá dé ọwọ́, tí wọ́n fi idẹ dé lórí. Dírẹ́bà tí kò bá mú un lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gòkè, bó ṣe ọba ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ padà, á na ọ̀pá náà síta, á wí pé, "Ọkọ̀ dé pé." Ẹni tó bá gbà á á dáhùn pé, "Mo gbà á. Ọ̀nà ṣófo." Àfìgbà tó bá gbọ́ ìdáhùn yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ tó parí.

Bàbá mi, Ifor, ló wa Morfudd, ẹ̀rọ wa kékeré aláwọ̀ ewé tí ń fa ọkọ̀, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára débi pé tó bá gbé àpò ọjà wálé, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.

"Ọkọ̀ dé pé, Lowri."

Màmá mi á pariwo láti ìdí iná: "Mo gbà á, ọ̀nà ṣófo, jọ̀ọ́ bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ yẹn sílẹ̀!"

Kò ní bọ́ ọ kó tó gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ni a máa ń rín sí i nígbà náà.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nínú oṣù Kẹsàn-án, ó wa ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí Morfudd ṣe dúró ni òun ṣubú. Ibi gbogbo dàrú. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé. Nígbà tí ara wa fi máa balẹ̀, a kò rí ọ̀pá mọ́. A tú èédú, a tú koríko, a wọ odò. Idwal, àgbà ọkùnrin tí ń ṣọ́ àsíá àti ọ̀pá ní téṣàn wa, wá a títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Òfin wa sọ pé a kò gbọdọ̀ gbẹ́ ọ̀pá tuntun àfi kí a kọ́kọ́ fọ́ ti àtijọ́ lójú ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Idwal ní, "Kí ni kí n wá fọ́? Ṣé èyí tí a kò rí?" Àwọn àlejò ń dúró. Wọ́n gbẹ́ òmíràn. Nítorí ọ̀wọ̀ bàbá mi, wọn kò gbé e kọ́ sórí ìkọ́ ti àtijọ́. Wọ́n kan ìkọ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lára ògiri yàrá tí èmi àti Idwal jọ ń lò, nítòsí ibi tí mo ti ń fọ ife.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni bàbá mi lò ní ilé ìwòsàn. Nígbà mìíràn kò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó di ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún rẹ̀ pinpin lórí aṣọ ìbora, àwọn nọ́ọ̀sì kò rí i tú. Nígbàkúùgbà tí mo bá wọlé, á na ọwọ́ yẹn sí mi.

"Eluned. Ọkọ̀ dé pé. Gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo wo ọwọ́ náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ilé ìsìn ni wọ́n ti tọ́ mi. Wọ́n kọ́ mi pé bẹ́ẹ̀ ni mi gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí níwájú Ọlọ́run pé mo gba ohun tí n kò gbà? Mo fi aṣọ bo èjìká rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ yín, Bàbá. Ó di ọ̀la. Lọ́la màá gbà á, màá sì gbé e kọ́ sórí ìkọ́ rẹ̀. Mo ṣèlérí."

Ọ̀la kò bá a láyé. Nígbà tí wọ́n máa fi wẹ̀ ẹ́, ẹ̀ṣẹ́ náà ti là fúnra rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú fún òróró ẹ̀rọ, òróró náà ṣì rin, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí Morfudd.

Ọdún mẹ́ta kọjá láìsí nǹkan. Ní ọdún kẹrin, Nerys ọmọbìnrin mi kúrò nídìí ṣọ́bìrì èédú, ó di dírẹ́bà Morfudd. N kò rí i kó láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìkọ́ òfìfo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́. Màá bá ẹ̀kúnwọ́ eérú èédú nínú ife tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbàdúrà, mo tún ife náà fọ̀.

Nerys sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa bíréèkì lójijì. Ibì kan náà ni: àárín àpáta tí wọ́n là sí méjì kí ojú irin lè kọjá, lórí ọkọ̀ tó ń gòkè ní aago mẹ́rin.

"Àgùntàn ni," ni Idwal wí, ó ń bu ṣúgà sí tíì rẹ̀. "Bàbá àgbà rẹ náà bá wọn jà títí."

"Àgùntàn wo ló ń fọn fèrè, Àǹkù Idwal?"

"Àgùntàn Blaen Cwm? Wọ́n gbọ́n ju àwọn ìgbìmọ̀ wa lọ, ọmọ mi. Tí wọ́n bá rí fìlà dírẹ́bà dé, wọ́n á wa ọkọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nerys kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń darí ojú irin wa ti kọ̀wé sí i: ìyá àgbà kan ti fi ẹnu gbá ìjókòó iwájú, ètè rẹ̀ sì bẹ́. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní wa Morfudd mọ́ láéláé.

Nígbà tí Idwal jáde, Nerys sún mọ́ mi nídìí àwo tí mo ń nù.

"Mam, ẹ má rò pé orí mi ti dàrú."

"N kò rò bẹ́ẹ̀."

"Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti òkè, ó dojú kọ mí. Níbẹ̀rẹ̀, ooru nìkan ló ń fẹ́ sí mi lójú. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ fèrè. Lánàá, mo rí fìtílà rẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lánàá, Morfudd mì tìtì, Mam. Ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ yẹn di irin gidi."

Mo gbójú sókè. Ìkọ́ méjì ló wà níwájú mi lára ògiri, ọ̀kan ní ọ̀pá, ọ̀kan ṣófo. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wò wọ́n láìrí wọn. Ìkọ́ méjì, ọ̀pá méjì. Ọ̀pá méjì, ọkọ̀ méjì lórí ọ̀nà kan. A fún ọmọ mi ní ọ̀nà tí ẹlòmíràn kò tíì dá padà.

Bàbá mi ti dé, ojoojúmọ́ ló ń dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Nítorí náà, á tún padà lọ sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ọdún mẹ́rin láìbọ́ bàtà.

Ọjọ́ kejì ni Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, ọjọ́ tí a máa ń ti ojú irin pa títí òtútù á fi lọ. Kùrukùru bo òkè. Èrò kún inú ọkọ̀, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Ní aago mẹ́rin, Idwal fa ọ̀pá lé Nerys lọ́wọ́, ó ti ń tú àsíá aláwọ̀ ewé nígbà tí mo sáré jáde tèmi ti épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn.

"Nerys, má lọ!"

"Eluned, kí ló dé?" ni Idwal wí. "Ọ̀nà ṣófo."

"Kò ṣófo. Bàbá mi wà lórí rẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí yóò bínú. "Ìwọ? Ìwọ tí o kì í purọ́ ọjọ́ orí rẹ pàápàá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi kú."

Nerys ti gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ.

A dúró. Àwọn èrò ń kùn. Lẹ́yìn náà, láti òkè, fèrè dún, gígùn kan, kúkúrú méjì. Bàbá mi nìkan ló máa ń fọn ọ́n bẹ́ẹ̀. Idwal ṣí fìlà rẹ̀.

Ní téṣàn wa, ojú irin là sí méjì kí ọkọ̀ lè yà fún ọkọ̀. Ojú irin kejì, tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kùrukùru wọlé wá pẹ̀lú ooru, pẹ̀lú òórùn èédú àtijọ́, èédú dáadáa tí a kò rí rà mọ́. Awò ojú mi kún fún omi. N kò rí ẹ̀rọ kankan. Mo kàn mọ̀ pé nǹkan ńlá kan dúró níwájú mi, ó ń mí, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ọkọ̀ dé pé, Eluned."

Mo na ọwọ́ mi. Òfìfo ni. Ẹ̀rù yẹn kan náà tún mú mi, pé irọ́ ni màá pa. Ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ayé mi ni mo fi ń dúpẹ́ fún ohun tí ojú mi kò rí. Kí ló dé tí ti bàbá mi nìkan fi nira?

"Mo gbà á, Bàbá," ni mo wí sí òfìfo náà. "Ọ̀nà ṣófo. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni ó tó wúwo lọ́wọ́ mi.

Mo gbọ́ ẹnìkan tó mí kanlẹ̀, bí ọkùnrin ṣe máa ń mí tó bá jókòó sórí àga ilé rẹ̀. Kùrukùru náà sì tutù. Ọ̀pá àtijọ́ ni mo dì mú, idẹ rẹ̀ gbóná. Ojú ìka mẹ́rin ti wọ inú igi rẹ̀ lọ, jinlẹ̀, bí ẹni tẹ ìka sí ìyẹ̀fun pípò. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi irú ọwọ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí igi.

Idwal gba ọ̀pá tuntun lọ́wọ́ Nerys, ó gbé e lé etí pèpéle, ó fi òòlù èédú fọ́ ọ sí méjì. "Ẹlẹ́rìí mẹ́ta," ló wí, ó nàka sí mi, sí Nerys, sí àyà ara rẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ti pẹ́ jù. Ifor, forí jì mí."

Nerys mú ti àtijọ́ gòkè. Mo dúró nínú òtútù títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Kò fa bíréèkì rárá. Ó na ọ̀pá sí mi láti orí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ dúdú fún eérú.

"Ọkọ̀ dé pé, Mam."

"Mo gbà á. Ọ̀nà ṣófo."

Mo wọlé. Ìkọ́ àtijọ́ ti tutù bí irin yòókù. Ọ̀la tí mo dá fún bàbá mi pẹ́ kó tó dé. Mo gbé ọ̀pá rẹ̀ kọ́ síbẹ̀.